Ìdáhùn Tí Àwáwù Yí Padà

Àwáwù kò jalè, kò sì gba ọkọ ọlọ́kọ. Ìdáhùn kan péré ló yí padà nínú ẹ̀rọ, lọ́sàn-án gangan, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tó ti ibẹ̀ jáde, nítorí irú ohun tó ṣe yẹn, ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣe é, tí a sì ń pè é ní ọgbọ́n.

Ọmọ Okaka ni Àwáwù. Ìwé mẹ́fà ló kà mọ. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé lọ́dọ̀ obìnrin kan ní Ìsẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ sì yá bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo. Ọwọ́ yíyá yìí ló gbé e dé iléeṣẹ́ kan tó ń ran àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ ní Ṣakí, nǹkan bí ọdún 1986, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo dé ibẹ̀.

Ẹ̀rọ náà ní yàrá tirẹ̀, ó ní fáànù tirẹ̀. Bàtà ni wọ́n ń bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó wọlé tọ̀ ọ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń wọ mọ́ṣáláṣí. Bí àgbẹ̀ bá sọ iye kóńgò irúgbìn tó fẹ́ gbìn, ẹ̀rọ á sọ ìwọ̀n oògùn tó yẹ kó fi pò ó kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Oògùn líle ni. Bó bá kéré, kòkòrò á rí jẹ. Bó bá pọ̀ jù, irúgbìn á kú sínú ilẹ̀.

Akínyẹlé, ọmọ Òkèhò, ló ń bójú tó ẹ̀rọ náà. Ètò tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan. Àwọn iléeṣẹ́ àgbẹ̀ káàkiri ló jọ ni ín. Ẹni tó bá gbà á lè tú inú rẹ̀ wò, kó tún ibi tó bá wọ́ ṣe, kó sì fi ẹ̀dà tuntun ránṣẹ́ sí àwọn yòókù nínú díìsìkì pẹlẹbẹ kan. Kò sí títà, kò sí rírà.

“Bí irúgbìn bàbá mi gẹ́lẹ́ nìyẹn,” Àwáwù sọ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́. “Ẹni tó bá fẹ́ á wá gbà á. Bó bá kórè tán, á dá tiẹ̀ padà.”

Akínyẹlé rẹ́rìn-ín. “Bó bá dá a padà, ṣé Bàbá kàn ń dà á mọ́ tiwọn ni?”

“Háà! Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí àtẹ, wọ́n á ṣà á ní hóró hóró.”

“Ó dáa. Iṣẹ́ tìrẹ níbí nìyẹn.”

Akínyẹlé ti pín inú ètò náà sí wẹ́wẹ́. Apá kan ń sọ kóńgò di kílò. Apá kan ń sọ kílò di oògùn. Apá kan ń to orúkọ àwọn abúlé. Fún apá kọ̀ọ̀kan, òun àti Àwáwù kọ ìbéèrè tí àwọn fúnra wọn ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Bí Àwáwù bá ti tẹ bọ́tìnì, ẹ̀rọ á bi apá kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè tirẹ̀, á sì fi ohun tó bá sọ wé ìdáhùn tí wọ́n ti kọ sílẹ̀. Bó bá ṣe déédéé, á kọ ọ́ sójú gíláàsì pé O BA A MU. Bí kò bá ṣe déédéé, KO BA A MU. Yorùbá ni Akínyẹlé fi kọ ọ́, nítorí Àwáwù.

Ìdáhùn ti kóńgò, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi wá a. Àwáwù yá kóńgò lọ́jà Ṣakí, Akínyẹlé ń bu ọkà sí i títí ó fi yọrí bí òkìtì.

“Rárá o, ọ̀gá. Ọkà tí à ń tà nìyẹn. Irúgbìn, a kì í rọ ọ́ lórí.” Ó na àtẹ́lẹwọ́, ó ré orí kóńgò náà, ọkà tó yọrí sì dà sílẹ̀. “Bàbá mi ní ẹni tó bá rọ irúgbìn lórí, fáàrí ló ń ṣe fún ilẹ̀.”

Wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ohun tí òṣùwọ̀n sọ ni wọ́n kọ sínú ìdánwò.

“Ẹ̀dà yòówù tó bá ti ìta wá,” ni Akínyẹlé wí, “kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ kankan níbí títí yóò fi kọjá ìdánwò wa. Kódà bó jẹ́ mọ̀láíkà ló gbé e wá.”

“Bó bá jẹ́ ọ̀gá àgbà ló gbé e wá ńkọ́?”

“Kó tò sẹ́yìn mọ̀láíkà.”

Àwáwù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ yìí ju bó ti lè sọ lọ. Ẹni tí kò kàwé jìnnà, òun ló ń bi ẹ̀rọ ní ìbéèrè, tí ẹ̀rọ ń dá a lóhùn.

Irúgbìn bàbá rẹ̀ tó mẹ́nu bà yẹn, Máwojúòjò ni wọ́n ń pè é. Ọkà bàbá pupa ni, kúkúrú, orí rẹ̀ ki. Bí òjò bá dá lójijì tí ọkà àwọn ẹlòmíràn ń gbẹ, òun á ṣì máa yọ ọmọ. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni bàbá Àwáwù, Bàbá Ràsáàkì, ti gbà á. Ilé rẹ̀ ni gbogbo Okaka ti ń gbà á, àwọn ará Ìwéré-Ilé náà ń wá. Ṣùgbọ́n àgbàdo tuntun ti ìjọba ti dé, ọ̀pọ̀ ti pa ọkà bàbá tì. Ẹyẹ sì jẹ ìwọ̀nba tí àwọn yòókù gbìn lọ́dún tó ṣáájú, wọn kò rí nǹkan kan dá padà. Èyí tó wà lórí àjà Bàbá Ràsáàkì nìkan ló kù, kòkòrò sì ti ń wọ̀ ọ́.

“Ẹ jẹ́ kí n bá yín mú oògùn wá láti Ṣakí,” ni Àwáwù wí nígbà tó wálé ọdún Iléyá.

“Oògùn òyìnbó?” Bàbá yọ ṣùtì. “Ọkà yìí dàgbà jù mí lọ. N kò fẹ́ fi oògùn tí n kò mọ̀ pa á.”

“Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ìdí ẹ̀rọ yẹn ni mo wà.”

Bàbá wò ó, ó sì mi orí, bí ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ kí ọmọ mọ̀.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ déédéé, ìyàwó Akínyẹlé bímọ ní Ìbàdàn. Akínyẹlé ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Kó tó wọkọ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ lé Àwáwù lọ́wọ́.

“Ẹ̀dà tuntun kan ń bọ̀ láti òkè Ọya. Bó bá dé, dán an wò. Bí kò bá bá a mu, fi sílẹ̀ dè mí.”

“Ẹ má mikàn, ọ̀gá. Ẹ bá mi kí ìyá ìkókó.”

Ẹ̀dà náà dé lóòótọ́. Ó sì rẹwà. Tàtijọ́ a máa to orúkọ jákujàku, ṣùgbọ́n èyí á fa ìlà, á kọ orúkọ abúlé gàdàgbà sókè ìwé. Ògúndìran, ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ náà, rí ojú ìwé kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì tàn.

“Àwáwù! Àlejò ń bọ̀ wá bẹ̀ wá wò láti Ìbàdàn lọ́la. Irú èyí gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n bá lórí tábìlì. Gbogbo abúlé pátá. Kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í pín oògùn lójú wọn.”

“Ọ̀gá Akínyẹlé ní kí n kọ́kọ́ dán an wò, sà.”

“Dán an wò nígbà náà! Ta ló dá ọ dúró? Ṣùgbọ́n epo dísù tó wà nínú jẹnẹrétọ̀ kò lè dé ìrọ̀lẹ́ o, Ṣakí ò sì ní dísù lọ́sẹ̀ yìí.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Gbọ́, ọmọ yìí. Ìgbà wo lo fẹ́ máa ṣe iṣẹ́ olójúmọ́ dà? Bí ìwé wọ̀nyí bá jáde, orúkọ rẹ ni n ó fi ṣáájú àwọn tí a fẹ́ sọ di òṣìṣẹ́ gidi.”

Ọkàn Àwáwù fò sókè. Òṣìṣẹ́ gidi! Ó wọlé, ó ki díìsìkì bọnu ẹ̀rọ, ó tẹ bọ́tìnì.

O BA A MU.

O BA A MU.

Ó ti ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ̀kẹta jáde.

KO BA A MU.

Ó rò pé ọwọ́ òun ló ṣì. Ó tún un tẹ̀. KO BA A MU. Ti kóńgò ni. Ó wo iye tí ẹ̀dà tuntun pe kóńgò kan: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tí òun àti Akínyẹlé fi òṣùwọ̀n wọ̀n.

Ayọ̀dèjì, akọ̀wé tó wà ní yàrá kejì, yọjú. Ó ní ìwé ẹ̀rí, kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn gbàgbé.

“Ìyá Atẹ̀wé, kí ló dé? Ẹ̀rọ ti gbé ọ ṣubú?”

“Ti kóńgò ni kò bá a mu.”

“Kò bá kí ni mu?”

“Ìdáhùn tiwa.”

Ayọ̀dèjì gbá àyà, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ìdáhùn tiwa! Àwọn tó ṣe ẹ̀dà yìí, yunifásítì ni wọ́n lọ. Kóńgò tí ìwọ yá lọ́wọ́ ìyá alágbàdo ni wàá fi dán wọn wò? Bóyá ìdánwò yín gan-an ló ń fẹ́ àtúnṣe.” Ó ti ń lọ kó tó wẹ̀yìn. “Bí o ò bá lè ṣe é, pè mí. Èmi náà ní ọwọ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ta Àwáwù lára ju tàwọn tó kù lọ. *Èmi náà ní ọwọ́.*

Ó jókòó. Jẹnẹrétọ̀ ń kérora lẹ́yìnkùlé. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé àwọn ọ̀mọ̀wé kò lè ṣì kóńgò. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá òṣùwọ̀n iléeṣẹ́ ló ti ń gbó. Gbogbo ohun tó ń sọ wọ̀nyí, ó mọ̀ pé irọ́ ni, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ṣì rántí bí orí kóńgò yẹn ṣe rí nígbà tó ré e.

Ó lè dá díìsìkì náà padà sínú àpò rẹ̀. Ó lè lọ bá Ògúndìran kó sọ pé, “Sà, kò kọjá.” Ẹnu kò gbà á. Ní ilé tiwa, ọmọdé kì í dúró níwájú àgbà kó ní ohun tí àgbà fẹ́ràn kò dára.

Ó ṣí ibi tí wọ́n kọ ìdánwò sí. Ó pa ìdáhùn tí òṣùwọ̀n sọ rẹ́. Ó kọ èyí tí ẹ̀dà tuntun ń sọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tún tẹ bọ́tìnì.

O BA A MU. O BA A MU. O BA A MU. Títí dé ìsàlẹ̀.

“Ó ti parí?” Ògúndìran pariwo láti ọ̀nà.

“Ó ti parí, sà. Gbogbo rẹ̀ ló bá a mu.”

Ìwé ń jáde wọ̀ọ̀, ó ń ká ara rẹ̀ jọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àwọn àlejò ń gbé e wò, wọ́n ń mi orí. Ọ̀kan nínú wọn gbọn Àwáwù lọ́wọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín oògùn sínú ọ̀rá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ ti wí.

Akínyẹlé padà dé nígbà tí wọ́n ti pín in tán. Ohun àkọ́kọ́ tó béèrè ni pé, “Ẹ̀dà tuntun ńkọ́?”

“Ó kọjá, ọ̀gá.”

“Gbogbo rẹ̀?”

“Gbogbo rẹ̀.”

“O ṣé, Àwáwù. Ọkàn mi balẹ̀ pé ìwọ ni mo fi sílẹ̀.” Ó fún un ní bisikíìtì ìkómọ, ó sì lọ jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Àwáwù kò lè jẹ bisikíìtì náà.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe ní Okaka ló burú jù.

Ó gbé oògùn bàbá rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀. Wọ́n ti sọ ọkà náà kalẹ̀ láti orí àjà. Bàbá Ràsáàkì wọ̀n ọ́n ní kóńgò kóńgò, ó ń fi ọwọ́ ré orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó tú ọ̀rá oògùn, tó rí bó ti pọ̀ tó, ó dúró.

“Èyí ò ha pọ̀ jù?”

“Bí ẹ̀rọ ṣe wí ni, Bàbá.”

“N ó pò ìdajì. N ó fi ìdajì sílẹ̀ bó ṣe wà, bóyá kò ní rí bí a ti fẹ́.”

“Kòkòrò á jẹ ìdajì yẹn tán kí ẹ tó mọ̀. Ẹ pò gbogbo rẹ̀.”

Bàbá yí sí i. Ó wò ó lójú. “Ṣé ẹ ti dán an wò?”

Ẹ̀yin ará, ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún un níbẹ̀. Bó bá ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n padà lọ wò ó,” kò sí ẹni tí yóò bú u. Ṣùgbọ́n irọ́ tí ènìyàn ti pa fún ọ̀gá méjì, ó ṣòro kó wá yí ẹnu padà fún bàbá ẹni.

“A ti dán an wò, Bàbá. Ó bá a mu.”

Bàbá Ràsáàkì da oògùn náà sórí ọkà, ó sì pò gbogbo rẹ̀.

Òjò rọ̀. Ilẹ̀ tutù dáadáa. Ó gbìn ín, kò hù. Ó ní bóyá ẹyẹ ló hú u, ó tún fi èyí tó kù gbìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò hù. Ó fi ẹnu ọkọ́ tú ilẹ̀, ó bá hóró ọkà níbi tó gbé e sí, pupa, odidi, kò là, kò sì jẹrà. Àgbàdo àwọn ẹlòmíràn ní tiẹ̀ hù níhìn-ín, kò hù lọ́hùn-ún, bí eyín arúgbó. Iléeṣẹ́ lè fún wọn ní àgbàdo mìíràn. Ta ni yóò fún Bàbá Ràsáàkì ní Máwojúòjò?

Àwọn àgbẹ̀ gbéra, wọ́n wá sí Ṣakí. Bàbá Ràsáàkì wà nínú wọn, ó gbé àpò kan kọ́ èjìká. Wọ́n jókòó lábẹ́ igi máńgòrò níwájú iléeṣẹ́.

“Oògùn yín pa irúgbìn wa,” ni Jẹ́ẹ́dé, agbẹnusọ wọn, wí. Òun àti Bàbá Ràsáàkì jọ dàgbà ni.

“Ẹ̀rọ kì í ṣìṣe, ẹ̀yin bàbá,” Ògúndìran dáhùn. “Akínyẹlé, jẹ́ kí wọ́n rí i.”

Akínyẹlé ní kí wọ́n bọ́ bàtà kí wọ́n wọlé. Ó tẹ bọ́tìnì níṣojú wọn. O BA A MU, O BA A MU, títí dé ìsàlẹ̀. Àwáwù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ki ọwọ́ bọ inú ìró.

“Gbogbo ìbéèrè wa ló dáhùn dáadáa,” ni Akínyẹlé wí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò balẹ̀. “Kò yé mi.”

“Ó yé èmi,” Ayọ̀dèjì já lu ọ̀rọ̀. “Àwọn bàbá wa pe irúgbìn ní púpọ̀ kí wọ́n lè gba oògùn púpọ̀. Bàbá Okaka yìí gan-an, ẹ jọ̀ọ́, kóńgò ti yín, ṣé ó nísàlẹ̀?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Jẹ́ẹ́dé pàápàá rẹ́rìn-ín. “Ràsáàkì, àbí ogbó ti dé sí ọ lọ́wọ́ ni?”

Bàbá Ràsáàkì kò rẹ́rìn-ín. “Láti kékeré ni mo ti ń wọn irúgbìn. Ọmọ mi nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àwáwù, sọ fún wọn. Báwo ni mo ṣe ń wọ̀n ọ́n?”

Gbogbo ojú yí sí i.

“Ẹ… ẹ ń fi ọwọ́ ré e ni, Bàbá.”

“Ṣé ẹ gbọ́?”

“Ọmọ wo ló máa ní bàbá òun ṣì?” ni Ayọ̀dèjì wí. Ẹ̀rín tún sọ. Bàbá Ràsáàkì wo Àwáwù, ó ń retí kó tún sọ̀rọ̀. Àwáwù wolẹ̀. Wọ́n ń fi bàbá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣe é.

Akínyẹlé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ẹ gbé kóńgò náà dání?”

Ó wà nínú àpò. Bàbá Ràsáàkì gbé e jáde, pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ lára ọkà tó hú padà nínú ilẹ̀. Kò kún un, wọ́n fi ọkà iléeṣẹ́ kún un. Bàbá na àtẹ́lẹwọ́, ó ré orí rẹ̀ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń pa ọmọ lórí. Akínyẹlé gbé e sórí òṣùwọ̀n.

Ó wo òṣùwọ̀n pẹ́.

“Mo mọ ìwọ̀n yìí,” ni ó wí. “Èmi àti Àwáwù ló jọ wọ̀n ọ́n.”

Ó padà sídìí ẹ̀rọ. Kò bi í ní ìbéèrè mọ́. Inú ìdánwò gan-an ló ṣí. Ìka rẹ̀ ń tọ ojú gíláàsì sísàlẹ̀, apá kan tẹ̀lé òmíràn, títí ó fi dé ti kóńgò. Ìka náà dúró.

Akínyẹlé ka iye náà lẹ́ẹ̀mejì.

“Àwáwù.” Kò wẹ̀yìn. “Ta ló kọ èyí síbí?”

Ayọ̀dèjì ti ń la ẹnu. Ògúndìran ń wo ojú kan sí òmíràn. Ẹnì kan lè ní ẹ̀rọ ló yí i padà fúnra rẹ̀. Àwáwù kò sọ bẹ́ẹ̀.

“Èmi ni, ọ̀gá.”

“Nígbà wo?”

“Nígbà tí ẹ lọ sísọmọlórúkọ. Ó ní kò bá a mu. Mo… mo jẹ́ kó bá a mu.”

“Kí ló ń wí?” Ògúndìran jágbe.

Akínyẹlé yí sí àwọn àgbẹ̀. “Kóńgò àwọn ará òkè Ọya tó ṣe ẹ̀dà yìí tóbi ju tiwa lọ, wọ́n sì ń rọ tiwọn lórí. Wọn kò ṣì, bí tiwọn ṣe rí nìyẹn. Ìdánwò wa rí i pé kì í ṣe tiwa. A pa á lẹ́nu mọ́.” Ó ní *a*. Kò ní *ó*.

Jẹ́ẹ́dé kò rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá Ràsáàkì sún mọ́ ọmọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà.

“Lọ́jọ́ tí mo bi ọ́ pé ṣé ẹ ti dán an wò, ṣé o ti mọ̀?”

“Bàbá, ẹ dárí jì mí…”

“Ṣé o ti mọ̀?”

“Mo ti mọ̀, Bàbá.”

Bàbá Ràsáàkì mi orí. Ó ṣa hóró pupa tirẹ̀ kúrò nínú ọkà iléeṣẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dì wọ́n sínú àpò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkú ni wọ́n, ó wọ bàtà rẹ̀, ó jáde.

Ògúndìran lé Àwáwù lọ lọ́jọ́ náà. Kò dárúkọ àlejò, kò dárúkọ dísù, kò dárúkọ ìlérí tó ṣe. Akínyẹlé sìn ín dé ìdí ọkọ̀. Ó ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó jọ ń lo ètò náà pé kí wọ́n wo kóńgò ibi tí wọ́n wà.

“Ọ̀gá, ẹ bá mi wí. Ẹ sọ nǹkan kan.”

“Àwáwù, ká ní ẹ̀rọ náà ṣì ni, tí ìwọ kò sì rí i, mi ò ní bínú. Nítorí àṣìṣe la ṣe ń dán nǹkan wò. Ṣùgbọ́n ìdánwò náà ké ‘Olè!’ sí ọ. O gbọ́ ọ. Ẹni tó ké sí ọ lo wá lù, kì í ṣe olè.”

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo torí rẹ̀ kọ ìtàn yìí. Bí ohun tí ẹ fi ń wọn nǹkan bá sọ fún yín pé nǹkan ti wọ́, nǹkan náà ni kí ẹ tún ṣe. Ẹ má ṣe tẹ òṣùwọ̀n.

Àwáwù padà sí Okaka. Bàbá rẹ̀ kò lù ú, kò bú u, kò sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó má fún un lóúnjẹ. Àwáwù ìbá fẹ́ kó lù ú. Ó rìn dé Òkèhò, ó rìn dé Ìwéré-Ilé, ó ń bi àwọn tó ti gbà nínú irúgbìn náà rí. “Máwojúòjò? Ó ti pẹ́. Àgbàdo la ń gbìn báyìí.” Obìnrin kan bu ọkà pupa fún un, inú rẹ̀ dùn, ó sáré gbé e wálé. Bàbá rẹ̀ bu hóró kan jẹ, ó tu ú sílẹ̀. “Kì í ṣe òun.” Ó dá a padà fún un nínú igbá, ó sì ní kó fi se ògì.

Ọdún yípo. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Bàbá Ràsáàkì jókòó lórí pèpéle, ó ń lọ́ okùn, nígbà tí Ojúọlápé, opó kan láti ìsàlẹ̀ ìlú, gbé igbá òfìfo dé. Àgbàdo tuntun ti já a kulẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

“Bàbá Àwáwù, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi bu irúgbìn àtijọ́ yẹn díẹ̀. Orí mi ti wálé.”

Àwáwù wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́. Ó ń retí ohun tí bàbá rẹ̀ yóò wí. Ó lè ní kòkòrò jẹ ẹ́. Ó lè ní ẹyẹ ni.

“Kú àbọ̀, Ojúọlápé,” ni Bàbá Ràsáàkì wí, kò gbé ojú kúrò lára okùn. “Àwáwù wà nínú ilé. Òun ni kí o bi.”

Àwáwù jáde. Ó kúnlẹ̀.

“Ọmọ mi, bu díẹ̀ fún mi, jọ̀ọ́.”

“Kò sí mọ́, ìyá.”

“Kò sí mọ́ báwo? Nílé Ràsáàkì?”

Àwáwù wo bàbá rẹ̀. Bàbá ń lọ́ okùn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, láti orí ẹ̀rọ, láti orí ohun tí ẹ̀rọ sọ àti ohun tí òun kọ lé e lórí. Ó sọ ti ìbéèrè tí bàbá òun bi òun àti èsì tí òun fún un. Kò fi Ògúndìran ṣe àwáwí, kò dárúkọ Ayọ̀dèjì. Nígbà tó parí, Ojúọlápé kò bú u. Ó da igbá rẹ̀ dojú bolẹ̀ lórí pèpéle, ó sì jókòó tì í.

“Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀,” ni ó wí.

Bàbá Ràsáàkì sún fún un. Láti ìsàlẹ̀ ọ̀nà, ọkùnrin kan ń bọ̀, ará Ìwéré-Ilé, ó ń ti kẹ̀kẹ́, àpò òfìfo sì wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ náà. Ó ti ń juwọ́ láti òkèèrè.

Àwáwù kò wọlé padà. Ó nu orúnkún rẹ̀, ó dúró dè é.